Kí Ẹ Tó Fi Iye Lé Adìrẹ: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Oníṣẹ́ Ọwọ́ Ìbàdàn

Kì í ṣe bí a ṣe ń rẹ aṣọ la fẹ́ kọ́ yín nínú ìwé yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ti mọ aró, ẹ mọ ìko, ẹ mọ bí àbẹ́là ṣe ń yọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọdún Kérésì ló mú wa kọ ọ́. Àwọn aládìrẹ tó tà tán pátápátá, tí ìdì kan ò ṣẹ́kù sílé, àwọn náà ló tún ń wá ẹni tó máa yá wọn lówó aṣọ funfun nígbà tó fi máa di oṣù Kejì. Ìyá kan láti àdúgbò Bẹẹrẹ sọ fún wa pé òun ò mọ ibi tí owó náà gbà lọ. Ó ní bóyá ayé ló ń ṣe òun. Kì í ṣe ayé, ìyá. Iye tí ẹ fi lé ọjà yín ni.

Ní báyìí tí àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tún ń pín fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó káàkiri, ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé fi falẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá yáwó ṣe ọjà tí iye rẹ̀ kò pé, gbèsè ló ń rẹ láró.

Àṣìṣe kan ṣoṣo

Nínú àwọn tí a ti bá jókòó ṣírò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló ń ṣe àṣìṣe kan náà: wọn kì í ka iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn mọ́ owó tí ọjà ná wọn. Wọ́n á ka aṣọ, wọ́n á ka aró, wọ́n á ka kọ́sítíìkì àti haidirosọ́fáìtì, àwọn kẹ́míkà tó ń jẹ́ kí aró mú aṣọ. Wọ́n á wá wo iye tí aládùúgbò ń tà, wọ́n á yọ ₦500 kúrò nínú ẹ̀ kí oníbàárà má baà kọjá lọ. Ó parí nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, tí èéfín ń ta wọ́n lójú, ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi ṣe.

Ẹ má sọ fún wa pé, "Èmi ni mo ni iṣẹ́ mi, ta ni mo fẹ́ sanwó fún?" A ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn títí ó fi sú wa. Ẹni tí kò bá sanwó fún ara rẹ̀ ṣì máa jẹun. Níbo lẹ rò pé owó oúnjẹ náà ti ń wá? Inú owó aṣọ funfun ni. Ẹ bu ₦2,000 lónìí fún gààrí àti ẹja, ẹ bu ₦3,000 lọ́la fún ìwé ọmọ, ẹ fi ₦5,000 sí àpòòwé ní ibi ìsọmọlórúkọ. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ tí ẹ máa padà lọ sí ọjà aṣọ ní Gbági, owó ìdì mẹ́rin ti di owó ìdì méjì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀

Ẹ mú ìwé àti bírò. Iye ọjà kì í dúró sójú kan, nítorí náà ẹ fi iye tí ẹ̀yin rà á lọ́sẹ̀ yìí rọ́pò tiwa. Ọ̀nà ìṣirò ni kí ẹ mú.

Ká ní kàm̀pálà, ìyẹn adìrẹ alábẹ́là, ìdì mẹ́rin lẹ fẹ́ ṣe, ọ̀pá 5 ní ìdì kan. Ọ̀pá 20 nìyẹn. Bí ọ̀pá kan bá jẹ́ ₦1,500, aṣọ funfun gba ₦30,000. Aró gba ₦6,000. Kọ́sítíìkì àti haidirosọ́fáìtì gba ₦5,000. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ yín ti ń pa ìwé dé: ₦41,000. Wọ́n á pín in sí mẹ́rin, á jẹ́ ₦10,250. Wọ́n á tà á ní ₦13,000, wọ́n á ní àwọn jèrè ₦2,750 lórí ìdì kan.

Ẹ má tíì pa á dé. Àbẹ́là ńkọ́? ₦3,000. Èédú? ₦2,500. Omi tí ẹ rà lọ́wọ́ oníbóòhólù? ₦500. Ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ Gbági pẹ̀lú owó alábàárù, ₦2,000. Ọ̀rá tí ẹ fi dì í, pẹ̀lú owó ẹni tó bá yín lu aṣọ tó sì lọ̀ ọ́, ₦1,000. Gbogbo rẹ̀ ti di ₦50,000. Ìdì kan ti di ₦12,500 kí ẹ tó ka ara yín rárá. Ẹni tó ta á ní ₦13,000 jèrè ₦500 lórí ìdì kan, ₦2,000 lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é. Kò sí alágbàṣe kankan nílùú Ìbàdàn tó máa gba ₦2,000 fún iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin sì ń gbà á lọ́wọ́ ara yín.

Ó yá, ẹ fi owó ọwọ́ yín sí i. A fi ₦5,000 sí ọjọ́ kan. Ọjọ́ mẹ́ta jẹ́ ₦15,000. Àròpọ̀ ti di ₦65,000. Ẹ fi náírà 5 lé ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan nítorí aṣọ tó máa bàjẹ́, torí ó máa bàjẹ́: aró á kọ̀ láti mú, àbẹ́là á fọ́ níbi tí ẹ ò fẹ́, ọmọ á fi ọwọ́ ẹlẹ́pọ kàn án. ₦3,250 nìyẹn. A ti wà ní ₦68,250. Ẹ pín in sí mẹ́rin: ₦17,062 àti kọ́bọ̀ díẹ̀. Ẹ pè é ní ₦17,100.

₦17,100 yìí ni a ń pè ní ilẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Bí oníbàárà bá ń ná an, tó ń bẹ̀ yín, tó ní òun á mú èèyàn mẹ́wàá wá, ẹ ò gbọdọ̀ wọlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lórí ilẹ̀ ni èrè òwò máa wà. Ẹ fi náírà 20 lé ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan: ₦68,250 á di ₦81,900, ìdì kan á jẹ́ ₦20,475. Ẹ pè é ní ₦20,500. Iye tí ẹ máa dá lé e nìyẹn. Àárín ₦20,500 àti ₦17,100 ni àyè tí ẹ ní fún ìnájà. Àwa Yorùbá ò lè ṣe kí á má nájà, kò sì burú, ṣùgbọ́n ẹ mọ ibi tí ilẹ̀ wà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

"Wọn ò ní rà á ní iye yẹn"

Ohun tí ẹ máa sọ nìyẹn, a mọ̀. Àwọn kan ò ní rà á lóòótọ́. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀, tó jọ adìrẹ, ń wọlé láti òkè òkun, ó sì pọ̀ lọ́jà. Ẹ ò lè bá ẹ̀rọ du ẹ̀dínwó. Ẹ̀rọ kì í jẹun. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ fi han oníbàárà pé tiyín kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Ẹ yí ẹ̀yìn aṣọ náà sójú rẹ̀. Èyí tí wọ́n rì bọ aró, àwọ̀ rẹ̀ á dé ẹ̀yìn. Èyí tí wọ́n tẹ̀, àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sábà máa ń ṣá ju ti iwájú lọ. Ìṣẹ́jú kan péré ni èyí gbà, kò sì wọ́pọ̀ kí á rí aládìrẹ tó ń ṣe é.

Ẹ sọ ìtàn iṣẹ́ náà pẹ̀lú. Ìlú wa ní àpẹẹrẹ tirẹ̀ nínú adìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ yàwòrán sí kí wọ́n tó rẹ ẹ́. Orúkọ rẹ̀ ni Ìbàdàndùn, tí àwọn òpó Mápó Hall wà nínú rẹ̀, ilé tí wọ́n ṣí ní 1929. Àwọn tó mọ̀ ọ́n fi ìyẹ́ adìẹ yà níbẹ̀rẹ̀ kò lo rúlà. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní Mọ́kọ́lá ń kọ gbólóhùn méjì nípa òpó yẹn sórí páálí kékeré, ó ń so ó mọ́ aṣọ, àwọn àlejò láti Èkó ò sì bá a nájà púpọ̀ mọ́. Àwọn tó ń ta Ìbàdàndùn gan-an nínú ìgboro, tí ẹ bá bi wọ́n kí ni àwòrán yìí, wọ́n á ní, "Sitáìlì ni." Ó dùn wá. Ogún àwọn ìyá wa ni, ẹ ò gbọdọ̀ máa tà á bí ẹni ta àkísà.

Ohun mìíràn tó ń lé oníbàárà ni aṣọ tó ń ṣí àwọ̀. Ẹ fi omi ṣan aṣọ títí omi á fi mọ́, kì í ṣe títí yóò fi sú yín. Kí ẹ tó dì í, ẹ mú àkísà funfun tútù, ẹ fi nù ún lẹ́ẹ̀mẹwàá lójú kan. Bí àkísà bá gba àwọ̀, ẹ padà lọ ṣàn án. Oníbàárà tí aṣọ yín ba bùláòsì rẹ̀ jẹ́ á sọ fún gbogbo ìjọ rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí a sì ti dárúkọ aró: kọ́sítíìkì lẹ ń dà sínú omi, ẹ ò gbọdọ̀ da omi lé kọ́sítíìkì lórí. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ẹ má lo ìkòkò alumíníọ̀mù, ẹ má sì gbé ike aró padà sí ilé ìdáná.

Lórí fóònù

Ẹ ya àwòrán láàárọ̀, lábẹ́ ìbòòji, kì í ṣe lábẹ́ oòrùn ọ̀sán tó ń pa àwọ̀ dà. Àwòrán mẹ́ta tó: iwájú, ẹ̀yìn, àti ti ẹni tó ró o mọ́ra. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ kọ iye ọ̀pá, irú aṣọ, àti iye owó. A tún un sọ: iye owó. Àṣà kí wọ́n máa kọ pé kí èèyàn wá béèrè iye ní kọ̀rọ̀ ò dára. Ẹni tó fẹ́ rà á lè máa tijú láti béèrè, ẹ ò sì ní mọ̀ pé ó kọjá lọ. Ẹ gbé ọjà sórí WhatsApp lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kì í ṣe ogún àwòrán lọ́jọ́ kan kí ẹ tó dákẹ́ fún oṣù kan.

Ẹni tó bá fẹ́ gba ọjà lọ́wọ́ yín láti lọ tún un tà, ẹ lè fún un ní ₦18,500, ó kéré tán ìdì mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ ò gbọdọ̀ ta á fún ẹni tó ń rà á fún ara rẹ̀ ní iye tó kéré sí èyí tí alátùntà ń tà á. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ti pa ọjà rẹ̀ kú, kò ní padà wá.

Ti aṣọ ẹbí, ẹ gbọ́ dáadáa. Ẹ gba ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún kí ẹ tó fi ọwọ́ kan aró, kí ẹ gba ìyókù kí aṣọ tó kúrò nílé. Ìbátan kò yàtọ̀. A mọ̀ pé ó nira láti sọ bẹ́ẹ̀ fún àǹtí ẹni tàbí fún ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹni. Ẹ kúnlẹ̀ sọ ọ́: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, aṣọ funfun ni mo fẹ́ fi owó náà rà." Ìnáwó tó ti kọjá kì í sanwó aṣọ. A ti rí ẹni tí ìdì 40 há mọ́ lọ́wọ́ nítorí pé wọ́n sún ìgbéyàwó síwájú, ìdílé sì yí àwọ̀ padà.

Àpò méjì

Owó tó bá wọlé, ẹ pín in lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Lórí ìdì kan tí ẹ tà ní ₦20,500: ₦13,300 lọ sí àpò ọjà, ₦3,750 lọ sí àpò ilé gẹ́gẹ́ bí owó ọwọ́ yín, ₦3,450 tó kù jẹ́ èrè òwò, ẹ gbé e lọ sí àkáǹtì tàbí àjọ. Bí ẹ bá dín in fún oníbàárà, inú èrè lẹ ti máa yọ ọ́. Àpò ilé ni kí ẹ ti máa jẹun. Bí kò bá tó, ẹ fi iṣẹ́ kún un tàbí kí ẹ fi iye lé e. Àpò ọjà kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀.

Owó ọwọ́ yìí náà ló máa jẹ́ kí òwò yín dàgbà. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gba ẹni tó máa bá yín ṣe é, ₦5,000 ti wà nínú iye, ẹ kàn máa gbé e fún un ni. Ẹni tí kò fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ ò lè gba ọmọ iṣẹ́ láéláé. Ọjọ́ tí àìsàn bá gbé e dè, òwò ti dúró.

Ẹ má yáwó títí ẹ ó fi ṣe àkọsílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 8 gbáko. Ẹ má sì yá ju owó àpò ọjà fún ìdì 8 lọ lẹ́ẹ̀kan. Owó gbómúlélántà, èyí tí wọ́n ń gbà padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò bá iṣẹ́ wa mu: aṣọ tí ẹ rẹ lónìí lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó tà, wọ́n á sì ti dúró sí ẹnu ọ̀nà yín lẹ́ẹ̀mẹta. Ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sàn jù, bí wọ́n bá fún yín ní oṣù kan ó kéré tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í san án. Bí ẹ bá fẹ́ ṣí àkáǹtì ní orúkọ òwò, báńkì á béèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni lówó ní ojú títì láti bá yín ṣe é; orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ojúlówó rẹ̀ wà.

Ẹni tí kò mọ ìwé kọ ò ní àwáwí. Ẹ pe ọmọ tó wà ní JSS1 lálẹ́, ẹ sọ fún un: ohun tí ẹ rà, iye rẹ̀, ohun tí ẹ tà, iye rẹ̀, ọjọ́ mélòó lẹ fi ṣe é. Ìlà mẹ́ta lójúmọ́. Ẹ mú ìwé yẹn dání ní ọjọ́ tí ẹ bá wá gba fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó, nítorí òun la máa kọ́kọ́ béèrè.