Bí ẹ ṣe lè ṣe ìrántí tíṣà tí gbogbo àdúgbò mọ̀

Bí tíṣà tó kọ́ yín ní ABD bá papò dà, tó sì jẹ́ ẹni tó máa ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún iṣẹ́ àdúgbò, ẹ má tíì ronú aṣọ ẹbí. Ìtàn ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣà jọ. Èmi ni wọ́n ní kí n ṣètò ìrántí Màmá Tíṣà wa ní Kubwa, ní Àbújá. Bí a ṣe ṣe é nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ lọ bá ẹbí. Kí wọ́n tó gbà fún yín, ẹ má gbé fọ́tò kankan sórí WhatsApp. Àwọn Mùsùlùmí á ti ní àdúrà ọjọ́ kẹjọ tiwọn, onígbàgbọ́ á ti ní ìsìn ìdúpẹ́; ẹ má fi tiyín dí tiwọn lọ́wọ́. Àwa mú Sátidé tó súnmọ́ 5 October, ọjọ́ tí wọ́n fi ń yẹ́ àwọn olùkọ́ sí lágbàáyé láti 1994. Òjò Àbújá ti ń palẹ̀ mọ́ nígbà yẹn.

Ìtàn gbígbà gan-an niṣẹ́. Bí ẹ bá béèrè pé, "Irú ènìyàn wo ni Màmá?", wọ́n á ní, "Wọ́n láàánú." Ta ni wọn kì í sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀ tó bá ti kú? Ẹ bi wọ́n pé: "Kí ni Màmá ṣe fún yín? Níbo? Ta ló tún wà níbẹ̀?" Ìbéèrè yìí ló mú kí kápẹ́ńtà kan sọ fún mi pé ìdí pákó òun ni Màmá ti wá kọ́ òun ní ìdajì àti ìdámẹ́rin, lẹ́yìn tí òun ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Ẹni tí kò bá rántí ọdún, ẹ bi í bóyá kí ìjọba tó kó dé láti Èkó ní December 1991 ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ má ṣe mọ lọ́dọ̀ àwọn Yorùbá nìkan o. Àwa tá a wà lókè Ọya máa ń gbàgbé èyí. Mo lọ bá àwọn Gbàgyí tí ìjọba kó wá sí Kubwa nígbà tí wọ́n ń kọ́ Àbújá, mo lọ bá àwọn Hausa tó ń ta ẹran, tí wọ́n ń pe Màmá ní Màláámà, ìyẹn tíṣà obìnrin. Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ pé Màmá máa ń bá àwọn tó ń fún ọmọdé ní àjẹsára rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ kiri ojúlé. Bí baálé ilé kan bá yarí, Màmá á kí i ní Hausa, wọ́n á jókòó, wọ́n á béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ, títí wọ́n á fi gbé ọmọ jáde, tí wọ́n á kán an sí i lẹ́nu, tí wọ́n á fi yíǹkì sàmì sí ìka rẹ̀. Àwọn ọmọ Màmá pàápàá ò mọ̀! Nígbà tí wọ́n kéde ní August 2020 pé ojúlówó kòkòrò àrùn náà, èyí tí kì í ṣe ti inú àjẹsára, ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà, kò sẹ́ni tó dárúkọ Màmá lórí rédíò. A kọ ọ́ sínú ìwé pélébé tí a pín níbi ìrántí náà.

Fọ́tò àtijọ́: pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ orúkọ sẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe báírò. Etí fèrèsé ni kí ẹ ti yà á, láìtan iná fóònù.

Lọ́jọ́ náà, olùsọ̀rọ̀ mẹ́fà tó, ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ fi máìkì sọ́wọ́ àgbàlagbà tí ẹnikẹ́ni ò lè bínú sí, nítorí kò sí ibi tí alága ẹgbẹ́ kan kì í wà tó máa fẹ́ ka ìtàn ayé tirẹ̀. Ẹni tó gbọ́ Hausa àti Yorùbá ni kó máa túmọ̀. Oúnjẹ ò ní wàhálà, àwọn obìnrin àdúgbò á sè é.

Ní ti owó, kí ẹni méjì máa buwọ́ lù ú. T-shirt olórúkọ òkú kì í pẹ́ di aṣọ ìnu-mọ́tò. Owó ìdánwò WAEC fún ọmọ kan sàn jù ú lọ.

Àmọ́ kí ẹ tó pín ìwé pélébé, ẹ wá ẹni tó máa gba kíláàsì tí Màmá ń ṣe fún àwọn ìyá ọlọ́jà ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn ìwé náà, kí ẹ sì wá ẹnìkejì tó ń gbé àdúgbò kún un, torí bó bá jẹ́ agùnbánirọ̀ ló gbà á, ọdún kan péré ló máa lò kó tó lọ.