Bí mo ṣe mú kí elégédé so lẹ́yìn ilé wa

Ohun tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń gbin elégédé sí ẹ̀yìn ilé ni pé, "Ó ń yọ òdòdó, ṣùgbọ́n kò so." Tiwa l'Adó-Èkìtì so, ó so dáadáa, mo sì fẹ́ kí tiyín náà so.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ní oṣù kẹrin, mo kọ ebè ńlá, mo po ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà mọ́ ọn, mo ki kóró bọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ebè jìnnà síra, torí ìtàkùn elégédé kò mọ ààlà.

Kó tó so rárá la ti ń jẹ ẹ́. Ọ̀mùnú rẹ̀ ni gbọ̀rọ̀ tí àwa Èkìtì fi ń jẹ iyán. Màá bó okùn ara igi rẹ̀, màá fi ọwọ́ ra ewé náà nínú omi kí irun ara rẹ̀ lè lọ, kí n tó rẹ́ ẹ sínú ata, epo pupa, irú àti ẹja gbígbẹ. Kì í pẹ́ jinná. Jíjá tí à ń já ọ̀mùnú yìí tún ń mú kí ìtàkùn yọ ẹ̀ka sí i, ara ẹ̀ka wọ̀nyí sì ni abo òdòdó sábà máa ń wà.

Abo òdòdó yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Akọ ló máa ń kọ́kọ́ yọ, torí náà ẹ má bẹ̀rù tí àwọn àkọ́yọ bá ń já bọ́. Orí ọ̀pá tín-ín-rín ni akọ máa ń wà. Abo ní elégédé kékeré kan lábẹ́ rẹ̀. Àárọ̀ kùtù ni wọ́n ń là, kí ọ̀sán tó pọ́n wọ́n ti pa dé. Oyin ló yẹ kó gbé lẹ́búlẹ́bú inú akọ lọ sínú abo, ṣùgbọ́n tí òjò bá ń rọ̀ láràárọ̀, tàbí tí wọ́n bá ń fín oògùn kòkòrò ládùúgbò, oyin kì í yọjú. Èmi ni mo wá di alárinà. Mo já akọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, mo ya ewé òdòdó rẹ̀ kúrò, mo fi ọ̀pá àárín rẹ̀ pa inú abo yí ká. Èyí tó bá gbà á, ìdí rẹ̀ á máa wú. Inú mi dùn púpọ̀ nígbà tí mo rí i.

Tí èékánná kò bá wọ èèpo rẹ̀ mọ́, ó tó ká. Ẹ gé e tigi-tigi, kó má baà tètè rà.

Nígbà tí a la àkọ́kọ́, ìyá mi rántí ìtàn Ọ̀bàrà nínú Ifá, ẹni tí àwọn Odù yòókù kó elégédé tí wọ́n kẹ́gàn fún, tó là á, tó bá ọrọ̀ nínú rẹ̀. A fi epo pupa àti edé sè é ní àsáró. Ohun tó mú inú rẹ̀ pọ́n yẹn ni ara ń sọ di fítámì A, tí ojú nílò.

Kóró rẹ̀ kì í ṣe ohun à ń dà nù. Ìyá mi máa ń sá a, á lọ̀ ọ́ mọ́ ògì fún aràn inú. Ní Amẹ́ríkà tí elégédé ti ṣẹ̀ wá náà, wọ́n ń lò ó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Síbẹ̀, ọmọ tí ikùn rẹ̀ bá wú, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Kí ẹ sì tọ́ bíńtín wò kí ẹ tó sè é: elégédé tó bá korò ní májèlé, iná kì í pa á. Ẹ dà á nù, ẹ má sì fi kóró rẹ̀ gbin òmíràn.