Bí ẹ ṣe máa gbé ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, àti ohun tó yẹ kí ẹ bèèrè lẹ́yìn rẹ̀

Ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀, kó má dákẹ́. Ìdí maikirosíkóòpù ni mo ti ń jẹun láti ìgbà ọ̀dọ́ mi, ní Abẹ́òkúta níbí. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń gbé irú ìtọ̀ bẹ́ẹ̀ wá bá mi, ẹni tí kì í kúrò létí omi ni wọ́n: apẹja, àgbẹ̀ ẹ̀fọ́, ọmọ iléèwé láti àwọn abúlé tó yí dáàmù Ọ̀yán ká, èyí tí ìjọba ṣí ní 1983. Àtọ̀sí ajá (schistosomiasis) ló ń ṣe wọ́n. Kì í ṣe àìsàn ìbálòpọ̀ rárá, nítorí náà kí ìyàwó má fẹ̀sùn kan ọkọ, kí ẹnikẹ́ni má sì sáré lọ ra kápúsù lọ́dọ̀ kẹ́místì. Inú ìgbín omi kékeré ni kòkòrò rẹ̀ ti ń bọ́ sódò, awọ ara ẹni tó bá wọ omi náà ló sì ń gbà wọlé. Tó bá dàgbà di aràn tán, á lọ fi iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí àpò ìtọ̀ ká ṣelé, ibẹ̀ ni abo ti ń yé ẹyin lójoojúmọ́.

Ẹyin yẹn là ń wá. Bí ẹ bá gbé ìtọ̀ wá bó ṣe wù yín, a lè má rí i.

Àkókò ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ. Ìtọ̀ ìdájí tí gbogbo èèyàn fẹ́ràn láti gbé wá kò dára fún èyí. Ọ̀sán ni ẹyin ń jáde jù, láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán. Kí ẹ tó tọ̀, ẹ kọ́kọ́ rìn kánmọ́kánmọ́, tàbí kí ẹ gun àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀mélòó kan. Ike tuntun tí wọ́n ń tà nílé oògùn ni kí ẹ lò, kì í ṣe ike omi tí ẹ mu tán, ká má tíì sọ ti ìgò àgbo. Àwọn nọ́ọ̀sì sábà máa ń ní kí ẹ da ti àkọ́kọ́ nù, kí ẹ gba ti àárín. Òótọ́ ni wọ́n sọ, bó bá jẹ́ bakitéríà la fẹ́ wá. Fún ẹyin aràn, èyí tó ń kán kẹ́yìn ló ṣe pàtàkì jù, torí ìgbà tí àpò ìtọ̀ bá fún ara rẹ̀ pọ̀ ni ẹyin ń já bọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀kán yẹn bọ́ sílẹ̀.

Ẹ má bu omi kún un o. Omi àti ìmọ́lẹ̀ ló ń mú kí ẹyin náà pa, bó bá sì ti pa kó tó dé ọwọ́ wa, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Ẹ gbé e síbi tí oòrùn ò sí, kí ẹ sì tètè dé. Obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́, kó dúró títí yóò fi parí. Ẹni tó bá ń lo rifampicin fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, kó sọ fún wa, torí oògùn náà máa ń mú kí ìtọ̀ pọ́n.

Bàbá apẹja kan wá sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fún bàbá yìí ní oògùn àtọ̀sí lásán. Mo rí ẹyin tó ní ẹ̀gún nídìí, ó ju 50 lọ nínú mílílítà 10, iye tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ń kà sí àkóràn tó wúwo. Mo ti fẹ́ máa kọ èsì nígbà tí ọmọ náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, nǹkan kan tún máa ń bá ìtọ̀ bàbá mi jáde, àfi bí ègé ẹran." Mo ní, "Ọmọ mi, ẹ má tíì lọ sílé. Ẹ̀ka urology, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àpò ìtọ̀, ni ẹ ń gbà lọ báyìí." Jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ ni wọ́n bá níbẹ̀, nígbà tí iṣẹ́ abẹ ṣì lè gbé e kúrò.

Ìdí nìyí tí mi ò fi ń jẹ́ kí àgbàlagbà gba oògùn aràn kó sì máa lọ. Praziquantel dára gan-an: mílígíráàmù 40 fún kìlógíráàmù ara kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé ẹni tó wọn kìlógíráàmù 60 máa gbé hóró mẹ́rin mì, èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílígíráàmù 600, lẹ́yìn oúnjẹ. Dókítà ni kó wọn oògùn náà fún yín o. Kì í pa aràn tí kò tíì gbó, torí náà wọ́n lè ní kí ẹ tún un lò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè yọ ẹyin tó ti há.

Nǹkan bí ìdajì ẹyin náà ni kì í rí ọ̀nà jáde. Wọ́n há sínú ẹran àpò ìtọ̀, ara ń bá wọn jà, ojú ibẹ̀ ń dégbò, ó ń jinná, ó tún ń dégbò. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ń pín láìsinmi láti fi dí ojú ọgbẹ́, àṣìṣe á máa wọ inú DNA rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó ń darí sẹ́ẹ̀lì, díẹ̀díẹ̀. Bakitéríà inú irú ìtọ̀ bẹ́ẹ̀ tún ń ṣe kẹ́míkà nitrosamine, tó ń ba DNA jẹ́. Nígbà tó bá yá, awọ inú àpò ìtọ̀ á di sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ bíi ti awọ ara, ibẹ̀ ni squamous cell carcinoma, jẹjẹrẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ yẹn, ti ń hù. Bí àwọn ẹyin tó há náà bá ti gan, X-ray lè fi àpò ìtọ̀ hàn ní funfun yípo bí èèpo ẹyin adìẹ. Ọdún 1851 ni Theodor Bilharz rí aràn yìí ní Cairo. Dókítà Ferguson so ó mọ́ jẹjẹrẹ ní Íjíbítì ní 1911. IARC, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, sì kọ ọ́ ní 1994 sínú ẹgbẹ́ kìíní àwọn ohun tó ń fa jẹjẹrẹ, ẹgbẹ́ tí sìgá wà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London tàbí Houston, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Aràn náà lè gbé inú ara fún ọ̀pọ̀ ọdún. Dókítà tó wà níwájú yín lè má ronú kàn án rárá, torí jẹjẹrẹ urothelial, èyí tó ń hù láti ara awọ inú àpò ìtọ̀ fúnra rẹ̀, tí sìgá sábà ń fà, ló wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ tiwọn. Ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́: "Mo wẹ̀ nínú odò ní Nàìjíríà nígbà tí mo wà lọ́mọdé."

Ẹni tó bá ti lé lọ́dún 40 tó ń tọ ẹ̀jẹ̀, yálà a rí ẹyin tàbí a ò rí i, kó béèrè cystoscopy. Kámẹ́rà tín-ín-rín ni wọ́n ń ki bọ ihò tí ìtọ̀ ń gbà jáde láti fi wo inú àpò ìtọ̀, wọn á fi gẹ́ẹ̀lì pa ibẹ̀ lára kó má dùn yín jù. Ẹ sọ fún wọn ṣáájú bí ẹ bá ń lo aspirin tàbí warfarin, àwọn oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ó lè máa ta yín díẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ mu omi dáadáa. Bí ibà bá dé, tàbí tí ìtọ̀ kọ̀ tí kò wá, ẹ padà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí wọ́n bá gé ẹran díẹ̀ fún biopsy, ẹ gba èsì rẹ̀ sọ́wọ́. Ẹ bèèrè bóyá squamous ni tàbí urothelial, torí ìtọ́jú wọn yàtọ̀: BCG, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún ọmọ tuntun lápá, ni wọ́n ń dà sínú àpò ìtọ̀ fún urothelial tí kò tíì jìn, àmọ́ iṣẹ́ abẹ ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé jù fún squamous. Ẹ bèèrè bóyá ó ti wọ inú iṣan ẹran àpò ìtọ̀. Kí ẹ sì bèèrè, láìtijú, bóyá iṣan ẹran náà wà nínú èyí tí wọ́n gé, torí bí kò bá sí níbẹ̀, "kò tíì wọ iṣan" tí wọ́n kọ sínú ìwé kò tíì fìdí múlẹ̀, wọ́n sì lè ní láti tún un gé.