Wọ́n ti jó o, ó tún padà: ìbéèrè yín lórí ablation

Iṣẹ́ mi ni kí n máa wo iná mànàmáná ọkàn lójú ẹ̀rọ nígbà tí dókítà bá ń ṣe ablation, ìyẹn kó ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí à ń pè ní kátítà wọ inú ọkàn, kó fi jó ibi kéékèèké níbẹ̀. Ẹbí mọ̀, ìjọ mọ̀, fóònù mi kì í sì í sinmi. Ọ̀rọ̀ AF (atrial fibrillation) ni mò ń sọ níbí, àìsàn tí yàrá òkè ọkàn fi ń gbọ̀n dípò kó máa lù.

Ṣé wọ́n ti pa iná ọkàn mi ni?
Ó tì o. Iná tó ń darí ìlù ọkàn wà ní yàrá òkè lápá ọ̀tún, a kì í fọwọ́ kàn án. Iná àlejò tó ń dá AF sílẹ̀ là ń sé mọ́ta. Ní 1998, Michel Haïssaguerre àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bordeaux, nílẹ̀ Faransé, wá orísun rẹ̀ lára aláìsàn 45. Nínú 69 tí wọ́n rí, 65 wà nínú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí nìyẹn tí a fi ń jó ẹnu iṣan wọ̀nyí yípo: àpá kì í gbé iná. Àgbẹ̀ tó bá ti sun ààlà yí oko rẹ̀ ká nígbà ọyẹ́, kí iná ọdẹ má baà wọlé, mọ ohun tí mò ń wí.

Aago ọwọ́ mi ní AF ni.
Aago ń fura ni. Ẹ lọ ya ECG, àwòrán iná ọkàn.

Ọkàn mi ń yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.
Bó bá ń lù déédéé, ẹ fi í sílẹ̀. Àwọn fọ́nrán tí ọpọlọ fi ń kó ọkàn níjàánu wà nítòsí ẹnu iṣan yẹn, díẹ̀ nínú wọn bá a jó.

Ọ̀sẹ̀ méjì péré, ó ti padà!
Ibi tí a jó ṣì wú. Bó bá padà láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, a kì í tíì kà á sí pé iṣẹ́ náà kùnà. Àwọn kan ti sọ ọ́ di ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Klíníìkì ni kí ẹ sọ fún, ẹ má sọ fún èmi.

Ara mi ti yá, ṣé kí n dá oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì dúró?
Rárá. Ewu rọpárọsẹ̀ tó wà lára yín ni dókítà ń wò kó tó dá a dúró.

Oṣù mẹ́ta ti kọjá, ó tún dé.
Ó dáa, ẹ jókòó. Lọ́pọ̀ ìgbà, àlàfo ló ṣẹ́ kù lára òrùka àpá náà. Mo ti bá ọ̀kan jà rí. Ọkùnrin kan ni, ẹlẹ́ẹ̀kejì rẹ̀ nìyẹn. Iṣan mẹ́ta dákẹ́ wẹ́rẹ́. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, ti òkè lápá òsì, náà dákẹ́, inú wa dùn. Mo ní ká ṣì dúró ná. Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yọ lójú ẹ̀rọ, òmíràn tẹ̀ lé e. Iná ti ń gba ibẹ̀ kọjá. Dókítà jó o, ó dákẹ́. A dúró, ó padà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta! Ibi tó ń yọ wá lẹ́nu ni ebè tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín iṣan yẹn àti àpò kékeré ara ọkàn: ẹran ibẹ̀ nípọn, orí kátítà sì ń yọ̀ bọ́rọ́. Bí a bá jó o, ó ń wú, wíwú yẹn ló ń sé iná mọ́. Bí wíwú náà bá ti lọ sílẹ̀, ọ̀nà là. Ó dákú ni, kò kú. Ìgbà tí dókítà yí kátítà, tó fi í tì í dáadáa láti ẹ̀gbẹ́ kejì, ló tó gbà. A dúró ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mo ta iná sínú iṣan náà, ó lù níbẹ̀, kò sí èyí tó jáde sí ọkàn. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí ẹ padà wá fún ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹ má pe dókítà yín ní ọ̀lẹ.

Kí ni mo gbọ́dọ̀ torí ẹ̀ sáré lọ sílé ìwòsàn?
Ibà, àyà ríro, tàbí kó máa dùn yín láti gbé nǹkan mì ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ náà. Ẹnu tó wọ́, apá tó rọ. Lójú ẹsẹ̀ ni o. Ẹ sì tètè sọ pé ẹ ti ṣe ablation, kí ẹnikẹ́ni tó ti ẹ̀rọ bọ̀ yín lọ́fun.