Bí a ṣe ń fi MIDI mú ẹ̀rọ orin púpọ̀ rìn pọ̀ láìṣi ẹsẹ̀ gbé

Ìlù ń sáré, báàsì ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, ẹni tó ń tẹ dùùrù ò sì mọ èyí tí òun ó tẹ̀ lé. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ pé ẹ̀rọ kan ló bàjẹ́. Aago, ìyẹn àmì tí ẹ̀rọ kan fi ń sọ ìyára orin fún ìyókù, ló ju ẹyọ kan lọ. Ìdí nìyí tí n óò fi pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ aago ju ohun yòókù lọ.

MIDI ni èdè tí àwọn ẹ̀rọ orin fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé ohùn orin kì í gba inú wáyà MIDI. Àṣẹ ló ń gbà á: tẹ nóòtì yìí, fi í sílẹ̀, dín ohùn kù, bẹ̀rẹ̀, dúró. Ní 1983 ni wọ́n so dùùrù Prophet-600 ti Sequential Circuits mọ́ Jupiter-6 ti Roland níwájú àwọn èèyàn, àwọn àṣẹ ìgbà náà sì ni ẹ̀rọ ṣì ń gbọ́ dòní. Ẹ̀rọ àtijọ́ lè darí tuntun láìsí wàhálà.

Wáyà ò le. Láti OUT ẹni tó ń pàṣẹ sí IN ẹni tó ń gbọ́. Bí ẹ̀rọ kẹta bá wà, inú THRU ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ni kẹ́ ẹ ti fà á, kì í ṣe OUT rẹ̀, torí THRU ló ń tún ohun tó wọlé sọ bó ṣe gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá ti ju mẹ́ta lọ, ẹ wá àpótí THRU kékeré kan tó ń pín OUT kan fún ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Kí wáyà má ju mítà 15 lọ. Wáyà DIN àtijọ́ ẹlẹ́nu irin márùn-ún lè ṣiṣẹ́ bí ẹ ò bá fẹ́ náwó, kìkì pé kí irin 2, 4 àti 5 lọ tààrà láti orí kan dé ìkejì. Ẹ fi tẹ́sítà wò ó kẹ́ ẹ tó gbà á gbọ́. Bí ihò ẹ̀rọ yín bá jẹ́ ti jáàkì kékeré, ẹ wò bóyá Type A ni tàbí Type B (ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà so wáyà inú rẹ̀) kẹ́ ẹ tó ra àdápítà. Type A ni ìlànà 2018 fọwọ́ sí, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ Type B ṣì wà káàkiri.

Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ nìyí. Ẹ yan ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí yóò máa pín aago. Ẹ̀rọ ìlù ni kẹ́ ẹ yàn. Kọ̀ǹpútà lè ṣe é, àmọ́ iṣẹ́ púpọ̀ ló wà lọ́rùn rẹ̀, aago rẹ̀ a sì máa gbọ̀n. Lórí ẹ̀rọ ìlù yẹn, ẹ gbé Sync sí INT (aago tirẹ̀), kẹ́ ẹ sì ní kó máa fi aago ránṣẹ́. Lórí gbogbo ẹ̀rọ yòókù, ẹ gbé e sí EXT (aago tó ń ti ìta wọlé), *kẹ́ ẹ sì pa fífi aago ránṣẹ́*. Ìdajì kejì yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Àmì aago 24 ló ń jáde fún bíìtì kan. Bí ìyára bá jẹ́ bíìtì 120 ní ìṣẹ́jú kan, àmì 48 ni láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sẹ́ni tó sọ fún ẹ̀rọ tó ń gbọ́ pé 120 ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ka àmì. Bí aago méjì bá wọlé sí i lẹ́ẹ̀kan náà, 48 ni yóò kà níbi tó ti yẹ kó ka 24, yóò sì máa sáré ní 240, tàbí kí ìyára rẹ̀ máa lọ sókè sódò bí ọkọ̀ tí awakọ̀ méjì jọ dì mú. Ẹ má fọwọ́ kan bọ́tìnì ìyára. Aago kejì ni kẹ́ ẹ wá.

Ibi tó máa ń fara pamọ́ sí jù ni ẹ̀rọ tí a fi USB àti wáyà DIN so mọ́ kọ̀ǹpútà pọ̀. Nínú ètò orin yín, ẹ ṣí ibi tí orúkọ àwọn ihò MIDI wà, kẹ́ ẹ fi àmì sí Sync ẹyọ kan péré. Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó bóyá kọ̀ǹpútà ń dá aago padà síbi tó ti wá. Ẹ má sì ṣe ìyọnu lórí ṣánẹ́ẹ̀lì (nọ́ńbà tó ń sọ ẹ̀rọ tí àṣẹ kan wà fún), torí aago kò ní ṣánẹ́ẹ̀lì. Ẹ lè yí i títí ilẹ̀ á fi ṣú, aago ń wọlé síbẹ̀.

Àmì aago kàn ń sọ bí ìrìn ṣe yá tó ni. Start, Stop àti Continue dá dúró gẹ́gẹ́ bí àṣẹ tiwọn. Ẹ dá gbogbo ẹ̀rọ dúró, kẹ́ ẹ wá tẹ Play lórí olórí, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín aago, nìkan. Ẹ̀rọ tí ẹ bá so mọ́ ọn nígbà tí orin ti ń lọ yóò ní ìyára tó tọ́, ṣùgbọ́n kò ní mọ ibi tí bíìtì kìíní wà. Ẹ dá a dúró kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Láti bẹ̀rẹ̀ láàárín orin, Song Position Pointer, àṣẹ tó ń sọ ibi tí orin dé, ni olórí máa ń fi ránṣẹ́, kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló gbọ́ ọ, nítorí náà ìbẹ̀rẹ̀ orin ni kẹ́ ẹ ti máa mú un.

Ìyókù yá. Ṣánẹ́ẹ̀lì 16 ló wà: ẹ fún ẹ̀rọ ìlù ní 10, kẹ́ ẹ fún ìkọ̀ọ̀kan àwọn yòókù ní tirẹ̀, kẹ́ ẹ pa Omni (tó ń mú kí ẹ̀rọ gbọ́ gbogbo ṣánẹ́ẹ̀lì), kẹ́ ẹ sì kọ nọ́ńbà náà sórí téèpù tí ẹ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Bí dùùrù tó so mọ́ kọ̀ǹpútà bá ń dún ní ìlọ́po méjì, ẹ gbé Local (tó so bọ́tìnì dùùrù mọ́ ohùn inú rẹ̀) sí Off. Fún ìdarí, àwọn àṣẹ tí à ń pè ní CC (Control Change) ni: CC 7 ni bí ohùn ṣe ga tó, CC 64 ni pẹ́dàlì, iye wọn sì bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 127. Ẹ má yí bọ́tìnì mẹ́wàá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí àṣẹ kan ń gbà tó ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá nínú wáyà DIN, bí wọ́n bá sì ti pọ̀ jù, nóòtì á pẹ́ dé. Bí ẹ bá pe irú ohùn tó jẹ́ nọ́ńbà 5 nínú ẹ̀rọ tí 6 wá jáde, ẹ̀rọ kan ń kà láti 0, èkejì láti 1. Bí nóòtì kan bá sì kọ̀ tí kò dákẹ́, CC 123, tó ń pa gbogbo nóòtì, ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ṣánẹ́ẹ̀lì yẹn. Bí kò bá gbọ́, ẹ pa iná ẹ̀rọ náà kẹ́ ẹ tún tàn án.