Bí A Ṣe Ń Yàn Láàárín Abẹ́rẹ́ Iṣan Orí àti Fentanyl Nígbà Iṣẹ́ Abẹ Ọpọlọ

Ẹ̀yin dókítà tí ẹ ń kun aláìsàn lóorun, ẹ kọ́kọ́ rántí pé ọpọlọ fúnra rẹ̀ kì í mọ ìrora. Awọ orí, awọ tó bo eegun agbárí àti awọ líle tó wé ọpọlọ ni ìrora ti ń wá. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ kí aláìsàn lajú, kí ó sì máa bá wa sọ̀rọ̀ bí a ṣe ń gé kókó kúrò, abẹ́rẹ́ iṣan orí, èyí tí ń mú iṣan ìmọ̀lára kú tipiri, ni mo fara mọ́ ju fentanyl lọ.

Ẹ gún un ṣáájú kí wọ́n tó fi ìṣó di orí mú: òkè ojú, ẹ̀bátí, iwájú etí àti ìpàkọ́, lọ́tùn-ún àti lósì. Níwájú etí, ẹ fi ìka wá ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ti ń lù kìkì, kí ẹ sì fa abẹ́rẹ́ sẹ́yìn díẹ̀ wò kí ẹ tó ti oògùn wọlé. Kí bupivacaine, oògùn tí ń mú iṣan náà kú tipiri, má ju mílígíráàmù 2 lọ fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan tí aláìsàn wọ̀n.

Fentanyl, oògùn apàrora, lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá ń mí fúnra rẹ̀, ó lè mú kí èémí falẹ̀, kí kábọ́nù dáyọ́síàìdì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, kí ọpọlọ sì wú. Ó tún ń mú kí ọmọlójú kéré, èyí tó lè fi àmì ewu pamọ́ fún wa. Remifentanil, ìbátan fentanyl, ní tirẹ̀ ń parẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ìrora á sì ya wọlé bí a kò bá ti pèsè nǹkan mìíràn sílẹ̀.

Síbẹ̀, abẹ́rẹ́ iṣan kì í ká ìrora awọ líle náà tán. Ẹ má yọ fentanyl àti remifentanil kúrò pátápátá. Ẹ dín ìwọ̀n wọn kù.