Bí mo ṣe tún ìdánwò láíbúrárì kan kọ nítorí Gẹ̀lẹ̀dẹ́

Owó iṣẹ́ mi tó há ló gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá kan ní Kétu níbí, ní Bẹ̀nẹ̀, ní kí n ṣe ètò tí yóò máa bá àwọn wá ọ̀rọ̀ nínú orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí àwọn ti ń kọ sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo lo láíbúrárì ọ̀fẹ́ kan, ìyẹn àkójọ kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀, tó ń gé gbólóhùn sí ọ̀rọ̀ ẹyọ ẹyọ. Àwọn tó ṣe é kọ ọ́ gàdàgbà pé ó gbọ́ Yorùbá, gbogbo ìdánwò rẹ̀, ìyẹn kóòdù tó ń yẹ kóòdù wò, ló sì ń yege. Mo gbé iṣẹ́ lọ. Bàbá tẹ "Gẹ̀lẹ̀dẹ́" sí i, kò rí nǹkan kan. Wọ́n gbójú sókè wò mí: "Ìwọ ọmọ yìí, nínú orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ẹ̀rọ rẹ ò rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́?" Mo ní kí wọ́n má bínú. Ìyókù owó dúró sọ́wọ́ wọn, n ò sì lè bá wọn jà.

Ohun tó dùn mí jù ni pé nígbà tí mo ṣí fódà ìdánwò àwọn ará ibẹ̀, Yorùbá wà níbẹ̀ lóòótọ́. "Adé ra ilé" àti irú rẹ̀ ló kún un. Kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo tó ru àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn pọ̀. Ta ló ń sọ Yorùbá tí kò ní kan ẹ́ tàbí ọ̀ kó tó sọ gbólóhùn méjì tán? Inú bí mi gidigidi.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ rèé. Nínú Unicode, ètò àgbáyé tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, á ní nọ́ńbà tirẹ̀, è ní tirẹ̀, ẹ náà ní tirẹ̀, ìyẹn U+1EB9. Ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní: ẹ ni wọn yóò kọ́kọ́ kọ, kí àmì ohùn, U+0301, tó tẹ̀ lé e. `\w` tí láíbúrárì náà fi ń dá ọ̀rọ̀ mọ̀ nínú Python (èdè tí wọ́n fi kọ ọ́) kò sì ka àmì tó dá dúró bẹ́ẹ̀ sí lẹ́tà, ibẹ̀ ló ti ń gé ọ̀rọ̀. Nítorí náà Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ Kétu, kọjá láìfarapa, Alákétu kọjá, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wá di "Gẹ", "lẹ", "dẹ". Ọ̀yọ́ di "Ọ" àti "yọ". Mo fi `[\w\u0300-\u036f]+` rọ́pò rẹ̀, kó lè ka àwọn àmì náà mọ́ ọ̀rọ̀, ó parí. Àtúnṣe ìlà kan ni. Kíkọ ìdánwò tí kò ní jẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀ ni iṣẹ́.

Fífi pytest, irinṣẹ́ tó ń ṣe ìdánwò Python, sórí ẹ̀rọ àti ṣíṣí fódà tuntun, ẹ mọ ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ibi tó dè mí mọ́lẹ̀.

Mo kọ ìdánwò àkọ́kọ́ fún wíwá ọ̀rọ̀, mo sì mú ìlà orin láti inú ìwé tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) bá Bàbá tẹ̀. Ìdánwò ṣubú. Ohun tó gbé sójú ẹ̀rọ ni pé 'Gẹ̀lẹ̀dẹ́' kò bá 'Gẹ̀lẹ̀dẹ́' mu. Mo sún mọ́ ọn, mo sọ lẹ́tà di ńlá, ọ̀kan náà ni wọ́n. Mo ní bóyá àlàfo kan ló fara pamọ́ sí ìdí ọ̀kan, mo yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí. Mo ka gígùn wọn pẹ̀lú `len()`: mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án. Mo pa ẹ̀rọ, mo tún un tàn. Ojú wá sú mi.

`ascii()`, tó ń fi nọ́ńbà rọ́pò lẹ́tà olóhùn, ló tú àṣírí. Ó kọ ti èkíní sílẹ̀ báyìí: `G\u1eb9\u0300l\u1eb9\u0300d\u1eb9\u0301`. Èkejì jáde ní `G\xe8\u0323l\xe8\u0323d\xe9\u0323`. Kíbọ́ọ̀dù AZERTY ti Faransé ni ẹ̀gbọ́n mi ń lò, bíi ọ̀pọ̀ wa ní Bẹ̀nẹ̀. è àti é ti wà lórí bọ́tìnnì níbẹ̀, nítorí náà wọ́n á tẹ è, wọ́n á wá fi àmì sí i nísàlẹ̀. Tèmi kọ́kọ́ fi àmì sísàlẹ̀, kó tó gbé ohùn lé e. Méjèèjì ló tọ́, ojú kò sì lè yà wọ́n. Mo bá ń kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ gbogbo kọjá nínú `unicodedata.normalize("NFC", …)`, wọ́n sì di ọ̀kan. NFC ni ìlànà Unicode tó ń to irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sí ọ̀nà kan ṣoṣo.

Láti ọjọ́ yẹn, n kì í lẹ lẹ́tà olóhùn mọ́ fáìlì ìdánwò tó bá jẹ mọ́ èyí. Nọ́ńbà rẹ̀ ni mo ń kọ, nítorí olóòtú kóòdù ẹlòmíràn lè tún un tò láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ìdánwò á wá máa yege lórí asán. Mo fi iṣẹ́ kékeré kan sínú `conftest.py`, fáìlì ètò pytest, tó máa ń tẹ `ascii()` ọ̀rọ̀ méjèèjì jáde bí ìdánwò bá ṣubú. Bí ẹ kò bá mú nǹkan kan nínú gbogbo èyí, ẹ mú ìyẹn.

Ètò fáìlì kò le: ti ìtúntò lọ́tọ̀, ti gígé ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, ti wíwá lọ́tọ̀, orin wà ní `tests/data`. Ẹ fi `ids`, orúkọ tí ẹ fúnra yín yàn, sí `parametrize` tó ń fi ìdánwò kan yẹ ọ̀rọ̀ púpọ̀ wò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ orúkọ ìdánwò yín á jáde ní `\u1eb9` lọ rẹpẹtẹ. Àwọn ìdánwò tó ń fa fáìlì láti íntánẹ́ẹ̀tì, mo sàmì sí wọn kí wọ́n má bá ti ojoojúmọ́ ṣiṣẹ́. Mẹ́gà tí mo rà fún iṣẹ́ tòótọ́ ni wọ́n ń jẹ tẹ́lẹ̀, gbogbo ìgbà tí mo bá ti pe pytest.

Ìdánwò tí mo fi ń yangàn ni èyí: ibi tí láíbúrárì bá sọ pé ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó ti parí, bí a bá gé e níbẹ̀ nínú orin bí Bàbá ṣe kọ ọ́, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló gbọ́dọ̀ jáde. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó tú pátápátá, tí lẹ́tà àti àmì rẹ̀ yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, jẹ́ kóòdù méjìlá. NFC sọ ọ́ di mẹ́sàn-án, àwọ̀ tí ètò fi ń sàmì sí ọ̀rọ̀ tí a wá, tó yẹ kó bọ́ sórí rẹ̀, á sì máa bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìdánwò yìí mú un kí Bàbá tó rí i.

Wọ́n ti san ìyókù owó. Wọ́n tún mú ìwé kan wá tí wọ́n kọ ní ìlànà álífábẹ́ẹ̀tì ti Bẹ̀nẹ̀, ti 1975: Gɛ̀lɛ̀dɛ́. NFC kì í fọwọ́ kan ɛ. Mo so ó mọ́ ẹ fún wíwá nìkan, n ò yí lẹ́tà kan padà nínú orin wọn, ìdánwò kan sì wà tó ń ṣọ́ ìyẹn.

Èyí tó ṣì kù ni àwọn tó ń fi ìlà kékeré, U+0329, sísàlẹ̀ dípò ẹ̀kán, àmì róbótó abẹ́ ẹ. NFC kò pa òun náà pọ̀ mọ́ ti ẹ̀kán. Mo ti kọ ìdánwò rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú `xfail(strict=True)`, àmì tó ń sọ fún pytest pé a mọ̀ pé ìdánwò náà yóò ṣubú: ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá tún un ṣe, pytest á kígbe pé ká yọ àmì náà kúrò. Mo ti fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó ni láíbúrárì, mo sì ń retí èsì wọn.